Òdinatọ̀ Ọmọ Mi àti Àwọn Ọlọ́gbọ́n Tó Ní Kó Dúró

Kò sí ẹ̀rọ tí òyìnbó ṣe tí èmi kò lè fi ẹnu lásán mú ṣiṣẹ́. Ní ọdún kan, katakata ńlá kan kú sí ẹ̀bá oko wa ní Idigny. Àwọn mẹ́káníìkì tú u, wọ́n tò ó, wọ́n tún un tú, òógùn bò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, mo pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì gbéra. Kò sí awakọ̀ lórí rẹ̀ o. Ó túlẹ̀ láti oko wa títí dé Adakplamè, ó ń yà fún àwọn tó ń gbé iṣu bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé ibi tí àwọn àgbà jókòó sí, ó rọra dúró, ó tẹrí ba, ó kí wọn, kó tó yí padà wálé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi katakata náà.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Torí nígbà tí ọ̀rọ̀ òdinatọ̀ ọmọ mi délẹ̀, gbogbo ẹni tó ní ẹnu nínú ẹbí wa ló gbà á ní ìmọ̀ràn. Kò sí ẹni tó rántí pé èmi wà nílé, èmi tí mo kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń pín nọ́ńbà ńlá sí nọ́ńbà kékeré, kí bàbá mi tó fi ọkọ́ pè mí jáde nínú kíláàsì.

Ọmọ mi obìnrin àgbà ló ni òdinatọ̀ tí mo ń wí yìí, kọ̀ǹpútà irú èyí tí à ń ṣí bí ìwé, tí à ń gbé lé itan. Nígbà tó kó jáde nílé ọkọ rẹ̀ ní Pọbẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé òdinatọ̀ mọ́ àyà, ó fi ìkòkò àti àga sílẹ̀ fún wọn. Ọkọ náà kò lù ú, kò sì fi ebi pa á. Ó kàn máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ ni. Ọmọ mi fara dà á títí, ó sú u.

Àwọn àna wa wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo pọ̀, àwọn kan bú ìyá ìyá mi tó ti kú tipẹ́. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé kí ọmọ mi dúró lọ́dọ̀ wa títí wọ́n á fi ta àgbàdo ọdún yìí tán. Bó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ di ìgbà náà, wọn kò ní dà á láàmú mọ́. Bí kò bá lè ṣe é, kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sí Pọbẹ̀. Ẹnu èmi yìí ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí. Ohun tó wà lórí ọmọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà lọ, bó bá jí láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Ó ní àtíbàbà onípáànù kan ní oríta, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí de èrò. Àwọn àgbẹ̀ wa kì í lọ sóko láìgbé rédíò kékeré dání, wọ́n á fi kọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n á máa ro oko sí i. Inú rédíò yẹn ni wọ́n ń ki kátì bọ̀, ohun pẹlẹbẹ kan tó tó èékánná. Ọmọ mi ló ń kó orin àti ìwáàsù sínú kátì náà fún wọn. Kì í ṣe orin tí gbogbo ayé ní nìkan o. Ó ti gbé fóònù kiri gbogbo abúlé yìí, ó gba ohùn àwọn obìnrin tó ń kọrin bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ àgbàdo, ó gba wáàsí àwọn alùfáà, ó gba orin ìjọ ní Kétu, ó gba ti ìyá arúgbó kan tó ń kọrin ìroko tí àwọn tó kù kò mọ ìlà kan nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú òdinatọ̀ yẹn, kò sí níbòmíràn.

Òdinatọ̀ náà ńkọ́? Òkasíọ̀n ni, ó ti lògbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé Kútọ̀nù. Ẹni tó tà á fún un búra pé òun nìkan ni òun lò ó, ọjọ́ Àìkú nìkan ni òun sì ń ṣí i. Ẹnì kan ti fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún bàbá mi rí. Bí o bá tan òdinatọ̀ náà láàárọ̀, o lè lọ ra ògì, kí o mu ún, kí o fọ abọ́, kí o bá ẹni tó ta ògì jà lórí ṣúgà, nígbà tí o bá fi padà, ó ṣì ń rò ó bóyá kí òun jí. Bó bá wá jí, á máa mí bí ajá tó sáré láti Kétu, ara rẹ̀ á gbóná, ìdí rẹ̀ á fẹ́ jó ni lójú itan. Ẹni tó bá gbé kátì wá á jókòó. Á jókòó títí á fi gbàgbé ohun tó bá wá.

Àwọn tó ń jókòó wọ̀nyí ni Ọlọ́run fi dá mi lọ́lá. Mo ní ààyè tèmi lórí àga gbọọrọ níbẹ̀, èmi ni mo sì ń bá wọn pa àsìkò. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn bí mo ṣe fi èèkàn so ìjì mọ́lẹ̀ lọ́dún tó fẹ́ ká òrùlé ilé ìjọba lọ. Ẹ má wò ó ní kékeré. Àgbà tí kò bá rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ mọ́, kò yàtọ̀ sí àga tí wọ́n gbàgbé síta.

Ṣùgbọ́n àkókò àgbàdo ń bọ̀. Bí àwọn ọkọ̀ tó ń ra àgbàdo bá ti dé, ìgbà yẹn ni owó ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ra rédíò tuntun, tí wọ́n ń rọ́ wá sí oríta. Òdinatọ̀ tó ń fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kò lè dúró de irú èrò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún òdinatọ̀ ṣe ní Kétu ti sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀rọ náà ṣeé sọ di ọ̀dọ́: kí wọ́n yọ dísìkì tó ń kó orin pamọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì fi kún ọpọlọ rẹ̀. Àjọ tí ọmọ mi àti àwọn obìnrin oríta ń dá sì ti fẹ́ kàn án. Ìbéèrè náà kò ju báyìí lọ. Ṣé kó fi àjọ náà tún òdinatọ̀ ṣe báyìí, tàbí kó dúró, kó fi àjọ ra àgbàdo sínú yàrá, kí àwọn àna wa lè rí i pé ó ní oúnjẹ bí wọ́n bá dé?

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ṣí ẹnu. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó wọ́n lónìí, bó bá yá á pọ̀ nílẹ̀. Kó dúró. Àgbàdo náà ni, òdinatọ̀ náà ni."

Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àgbàdo. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa ta tiwa, ó kó tirẹ̀ pamọ́, ó ní òun ń dúró de owó gidi. Owó ń bọ̀, kòkòrò ń jẹ. Nígbà tí owó gidi dé, ó ṣí àpò, ìyẹ̀fun ló bá níbẹ̀. Ó dúró lórí rẹ̀, ó ní òun kò pàdánù, pé wọ́n ti bá òun lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ mi bi í pé, "Bàbá kékeré, àgbàdo yín èṣí ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Kòkòrò kì í jẹ òdinatọ̀."

"Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń jẹ ẹ́."

Ẹnì kejì ni ọkọ àbúrò mi obìnrin. Tíṣà ni ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì kan, Mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Mẹ́tìrì kì í rìn láìfi báàgì òdinatọ̀ kọ́ èjìká. Mo ti wo inú báàgì náà rí nígbà tó sùn lọ nílé mi: búrẹ́dì ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀wù òjò. Òdinatọ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ rí. Ó ti ń dúró de èyí tó dára jù láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti ń kọ́ a, b, d. Àkọ́bí náà ti nírùngbọ̀n báyìí. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì, ọwọ́ ló ṣì fi ń kọ ọ́, lẹ́yìn náà á wá gbé e lọ fún obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kó bá a tẹ̀ ẹ́.

Ó wúkọ́, ó ní, "Ọmọ mi, a kì í kánjú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Èyí tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀ á yára ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá náwó báyìí, ohun àtijọ́ ló náwó sí."

"Èyí tó máa jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e ńkọ́, Mẹ́tìrì?"

"Ìyẹn á tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìgbà wo wá ni ènìyàn ń rà?"

Mẹ́tìrì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn," ó wí. Ó sì ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Ọ̀kan fi ìdúró sọ àgbàdo di ìyẹ̀fun, èkejì fi ìdúró sọ báàgì di agbọ̀n búrẹ́dì, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń dúró. Ni mo bá pinnu pé ìmọ̀ tèmi ló kù. Ìmọ̀ tèmi sì rọrùn: ohun tó ń ṣe òdinatọ̀ yẹn, ibà ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń mí gúle-gúle, iyè rẹ̀ ń ra. Kí ni ẹ ń pe ìyẹn bí kò bá ṣe ibà? Nílé wa, gbogbo ohun tí ooru ń yọ lẹ́nu, àmù la ń gbé e fún. Ìdí àmù la ń tọ́jú obì sí kó má gbẹ. Ìdí àmù ni ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ń lọ fi ẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyá àgbà kan ládùúgbò wa máa gbé abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, torí pé kò ní firíìjì. Bí àmù bá gba abẹ́rẹ́, kí ló dé tí kò fi ní gba òdinatọ̀?

Mo bi ìyàwó mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé kò ní ba omi jẹ́?"

Ẹ rí i pé omi ló ń rò, kò ro òdinatọ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ mi dé láti oríta lálẹ́, tó wẹ̀, tó sùn, mo gbé òdinatọ̀ náà. Mo gbé e lé ìdérí àmù nínú òkùnkùn yàrá, mo fi aṣọ tútù bò ó bí a ṣe ń bo ọmọ tó ní ibà. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó sọ pé Ọlọ́run tóbi, ó jí! Ó jí kí ògì tó jinná. Mo lọ sí oríta, mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń ṣe òdinatọ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti ránṣẹ́ sí mi láti wá gba ọgbọ́n àmù. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń dá a padà kí ọmọ mi tó jí, kò mọ̀, ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó ké sí mi láti inú ilé.

"Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ wá wò ó. Ó ń tọ̀."

Mo dé ibẹ̀. Ó gbé òdinatọ̀ náà dúró lórí etí rẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ láti ìhà rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án, òkú ni. Ó wo òdinatọ̀, ó wo aṣọ tútù tó wà lórí ìdérí àmù, ó wo mí.

Mo ní, "Má bínú. Omi àmù ni, omi tó mọ́ ni."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹ̀rọ náà. Ì bá kúkú bú mi. Ìyá rẹ̀ jáde, ó gbé igbá gàrí dání, ó ní òun gbọ́ pé tí omi bá wọ fóònù, wọ́n máa ń rì í sínú ohun gbígbẹ. Ọmọ mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé gàrí rẹ̀ padà sínú ilé.

Ó sá òdinatọ̀ náà sí ìta, lábẹ́ ibòòji, níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ó tàn án, ó sì jí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jí nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n fà padà láti ọ̀nà ọ̀run tí kò dùn mọ́ nínú. Lẹ́tà kan kò jẹ́ tí o bá tẹ̀ ẹ́, òmíràn ń dá ara rẹ̀ tẹ̀. Orin tó ń wọ kátì tẹ́lẹ̀ bí ìgbín, ó wá ń wọ̀ ọ́ bí ìgbín tó yarọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ àgbàdo àkọ́kọ́ dé, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àjọ kan ọmọ mi.

Àbúrò mi tún dé. Ó fọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó yí òdinatọ̀ náà ká bí ẹni tó ń wo màlúù tó wó lulẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Bó bá jẹ́ pé a ti náwó sí i ńkọ́? Ìdúró yìí náà ló gbà wá. Kó tún dúró díẹ̀ sí i, kó kú tán, ká mọ ibi tí a wà."

Mẹ́tìrì fi fóònù ránṣẹ́ láti Kétu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: "Ẹ mú sùúrù."

Mo lọ bá ọmọ mi lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Èrò pọ̀, kátì pọ̀, àwọn kan ti ń ráhùn, ọ̀kan ti gba kátì rẹ̀ padà, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Mo ní, "Wò ó, bóyá òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Gba àjọ rẹ, di í mú. Ra àgbàdo, jẹ́ kí àwọn àna wa bá a nínú yàrá. Èyí tó ń rọra ṣiṣẹ́ yìí, kó máa rọra ṣe é. Àwọn ènìyàn á dúró. Ìdúró ti mọ́ wọn lára."

"Bàbá, mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ kí wọ́n máa dúró."

"Kí ni ìdí?"

"Kí ẹ lè rí ẹni pa irọ́ fún."

"Ìtàn ni."

"Irọ́ ni, Bàbá. Irọ́ tó dùn ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni." Ọlọ́kadà kan rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó gbójú sí táyà rẹ̀. Ọmọ mi kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Ẹ gbọ́. Bí mo bá ra àgbàdo kún yàrá, àwọn ará Pọbẹ̀ á dé, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló kó o síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní oko. Ta ni yóò gbà pé tèmi ni? Òdinatọ̀ yìí nìkan ni ohun tó wà nílé wa tí kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀yin lẹ fún mi. Gbogbo oríta ló mọ ohun tí ẹ̀yin ń fi òdinatọ̀ ṣe."

Mo mú kátì kan, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó mọ̀ ọ́.

Ó tún ní, "Bó bá sì kú sí mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń dúró, ibo ni mo ti fẹ́ ra orin ìyá arúgbó yẹn? Ìyá náà gan-an ti lọ."

A gun ọ̀kadà lọ sí Kétu. Òun ló wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo gbá òdinatọ̀ náà mọ́ra nínú eruku pupa. Ẹni tó ń tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹnu rẹ̀ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Kó tó tú ìdè kan, ó ti sọ fún wa pé òun ni gbogbo àwọn ọ̀gá ńlá Kútọ̀nù ń pè nígbà tí tiwọn bá dákú. Èmi tí mo mọ irọ́ látọ̀nà jíjìn, mo jẹ́ kó máa pa tirẹ̀ lọ, torí pé ọ̀nà tó gbà ń pa á kò dára rárá. Kò tilẹ̀ fi ẹran ọ̀sìn kan sí i.

Nígbà tó ṣí ìdí ẹ̀rọ náà, ó tan iná fóònù sí i. Ó ní, "Ta ló fi omi sí i?"

Mo wo òkè. Páànù òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà.

Ọmọ mi ní, "Omi ló wọ̀ ọ́. Ṣé ohun inú rẹ̀ ṣì ṣeé kó jáde?"

"Mi ò lè ṣèlérí. Bí mo bá fi dísìkì tuntun sí i, màá gbìyànjú láti kó ti inú èyí sínú rẹ̀. Ó lè wá tán, ó lè má wá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lò ó títí ẹ ó fi rí owó ra òmíràn."

"Tó bá kú kí n tó rà á?"

"Ó ti kú nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé mì."

Mo rí ọwọ́ ọmọ mi lórí ìdí aṣọ rẹ̀, níbi tó so àjọ mọ́. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá tú ìdí aṣọ yẹn, tí orin kò wá, kò ní ní àgbàdo nílé, kò ní ní orin lóríta, Pọbẹ̀ ló kù. Ó tú u. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é báyìí."

A jókòó síbẹ̀ títí ojú ọjọ́ fi rọ̀. Àwọn orin náà ń kọjá láti inú èyí tó gbó bọ́ sínú tuntun, ọmọ mi ń wo àwòrán ìlà kan tó ń gùn lójú ẹ̀rọ náà, kò jẹun, kò mumi. Nígbà tó parí, díẹ̀ ló sọnù. Orin ìyá arúgbó wà níbẹ̀ láìfi ìlà kan sílẹ̀. Lára èyí tó sọnù ni ìwáàsù gígùn kan lórí ibi tí Ọlọ́run máa gbé àwọn òpùrọ́ sí. Ní tèmi o, mi ò sunkún.

Láti ìgbà náà, ẹ tan òdinatọ̀ yẹn, kí ẹ tó sín tán, ó ti ń bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tó gbé kátì wá, ẹsẹ̀ kan ló máa ń ní nílẹ̀, èkejì kò ní kúrò lórí ọ̀kadà. Gbogbo àkókò àgbàdo yẹn, wọ́n ń dé, wọ́n ń lọ, ọmọ mi kò rí àyè họ ara. Èmi ńkọ́? Mo jókòó sórí àga gbọọrọ mi bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan fún àgbẹ̀ kan ará Adakplamè, ti erin tó wá yá iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí erin tó kan ilẹ̀kùn, ará Adakplamè ti lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyára!

Nígbà tí àgbàdo tán nílẹ̀, àwọn àna wa dé. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ló ṣíwájú wọn, arúgbó gíga kan tó wọ agbádá funfun tó mọ́ tónítóní láti fi dá wa lẹ́bi. Wọn kò bá ọmọ mi nílé. Mo mú wọn lọ sí oríta. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ti ọjọ́ ọjà. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó bu omi fún wọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jókòó, mo ń bọ̀," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Arúgbó náà ṣì dúró, ó ń wá ibi tí yóò fi ìdí lé. Àgbẹ̀ kan fi ìgbọ̀nwọ́ tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ìlà ń bẹ o. Ẹ̀yìn mi lẹ wà."

Arúgbó náà jókòó. Ó wo ìlà náà títí. Lẹ́yìn náà ó fa rédíò kan jáde nínú agbádá rẹ̀, ó fún ọmọ mi ní kátì rẹ̀, ó ní kó fi orin ìroko ayé àtijọ́ sí i. Ọmọ mi fi ti ìyá arúgbó sí i. Bí ohùn ìyá náà ṣe jáde, omijé bọ́ lójú àna wa, ó dà sórí agbádá funfun. Ó dìde dúró láàárín oríta, ó pariwo pé láti òní lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe obìnrin yìí ní aláìníṣẹ́, pé bí ọmọ àwọn bá fẹ́ aya, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fa ewúrẹ́ kan wá láti Pọbẹ̀ fi tọrọ àforíjì. Gbogbo ọ̀kadà fọn fèrè.

Nínú ọ̀rọ̀ àna wa yìí, ibi tí mo ti fi irọ́ kún un nìyí: kò sí rédíò nínú agbádá, arúgbó náà kò sunkún, kò pariwo, ewúrẹ́ kankan kò wá láti Pọbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó mu omi tí wọ́n bù fún un, ó ń wo àwọn ènìyàn tó ń dé, tó ń lọ. Nígbà tó yá, ó bi ọmọ mi pé, "Ṣé báyìí ló ń rí lójoojúmọ́?" Ọmọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, láti ìgbà tí mo ti tún un ṣe." Arúgbó náà gbé ife padà fún un. Ó yíjú sí àwọn tó tẹ̀lé e, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, òjò ń ṣú." Kò béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Wọn kò sì tíì padà wá.